Ojúlùmọ̀ Lásán Lè Júwe Iṣẹ́ fún Yín

Ní Alágbàká níbí, ní Àkúrẹ́, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà àti ilé iṣẹ́ ìjọba pọ̀ sí, ìbéèrè kan wà tí gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ mọ̀ dáadáa: "Ta lo mọ̀ níbẹ̀?" Ó máa ń bí wa nínú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fojú sáyẹ́ǹsì wò ó.

Ní 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ojúlùmọ̀ lásán wúlò fún ẹni tó ń wáṣẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Ìdí rẹ̀ ò le. Ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń jẹ, tí ẹ jọ ń mu, ohun tó bá gbọ́, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ. Ẹni tí ẹ kàn jọ ń kíra, àárín àwọn èèyàn mìíràn ló ti ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò tíì dé etí yín ló máa gbé wá.

Ní 2022, àwọn olùwádìí tẹ àbájáde àyẹ̀wò ńlá kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. LinkedIn ni wọ́n lò. Wọ́n ń yí ètò tó máa ń sọ pé "bóyá ẹ mọ lágbájá" padà fún èèyàn tó ju mílíọ̀nù 20 lọ, láàárín ọdún 5. Wọ́n rí i pé ojúlùmọ̀ tí kò sún mọ́ni jù, tí kò sì jìnnà jù, ló ń ranni lọ́wọ́ jù láti ríṣẹ́, pàápàá níbi iṣẹ́ tó gbára lé kọ̀ǹpútà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí àwọn ọ̀gá jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn máa lo ìkànnì ayélujára, kí wọ́n sì máa gbé àyè iṣẹ́ síbẹ̀. Ọ̀gá mìíràn á ní, "Orí fóònù ni wọ́n máa wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀." Ẹ̀yin ọ̀gá, iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe parí ni kí ẹ fi díwọ̀n wọn.

Lóòótọ́, ìkéde nìkan ò tó. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2014, àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ Immigration ti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ inú pápá ìṣeré ni wọ́n kó wọn jọ sí fún ìdánwò. Èrò pọ̀, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, àwọn kan sì kú. Kíkó èrò jọ yàtọ̀ sí ṣíṣàlàyé iṣẹ́. Kí òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, ìmọ̀ tó gbà àti iye èèyàn tí wọ́n fẹ́ gbà. Ẹni tí kò kúnjú ìwọ̀n á mọ̀ kó tó wọkọ̀.

Ẹ̀yin tó ti ríṣẹ́, tí àyè bá ṣí lọ́dọ̀ yín, ẹ fi sórí status yín. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní Alágbàká lè mọ̀ yín díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì lè tó o.