Kí A Tó Béèrè Ẹni Tó Ṣe É

Bí ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún bá ṣubú lulẹ̀ láàárín àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Jos, tó sì gba ibẹ̀ kú, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu wa ni pé, ta ló ṣe é? A óò gbé òkú lọ sílé, a óò jẹ, a óò mu níbi ìnáwó, a óò sì padà sí Ali Kazaure. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè ohun tí olóògbé ń jẹ. Lójú tiwa, ó tó àkókò kí a béèrè.

A kò sọ pé oúnjẹ ló fa gbogbo ikú òjijì. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti sìgá náà ń pani. Ṣùgbọ́n ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, wà lára ohun tó ń dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn. Kì í dunni, kì í yúnni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè tú àṣírí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ẹran màlúù nìkan ló léwu, pé ẹni tó bá ti ń jẹ adìyẹ ti bọ́. Àwọn onímọ̀ kan ní Oakland, ní Amẹ́ríkà, dán èyí wò lára àwọn àgbàlagbà 113, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2019. Bákan náà ni ẹran pupa àti ẹran adìyẹ ṣe gbé ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ ga ju oúnjẹ bí ẹ̀wà lọ. Nígbà tí wọ́n fi bọ́tà àti wàrà ọlọ́ràá kún un, ó tún ga sí i.

Ẹlòmíràn yóò ní, àwọn Fúlàní ń kọ́? Ṣebí wàrà ni wọ́n ń mu. Ìbéèrè gidi ni. Ní 2001, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú dókítà láti Jos níbí gbé ìwádìí jáde lórí àwọn Fúlàní darandaran. Nǹkan bí ìdajì agbára inú oúnjẹ wọn ló ti ara ọ̀rá wá, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn dára. Àwọn onímọ̀ náà wòye pé àpapọ̀ oúnjẹ wọn kò pọ̀, wọ́n sì ń fi ara ṣiṣẹ́ gidigidi. Àwa tí a ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí a ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Terminus, kí ni a fi jọ wọ́n?

Ẹ̀wà kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Ohun kan tún wà nínú rẹ̀ tó máa ń gbá òróòro jáde pẹ̀lú ìgbẹ́. Ẹ̀dọ̀ yóò wá fa ọ̀rá láti inú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe òróòro mìíràn. Awara tí àwọn ará Àríwá ń fi sóyà ṣe náà dára, bí a kò bá ti rì í sínú òróró. Ẹja pẹ̀lú ń ran ọkàn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin le ṣe é. Níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó, bí ẹran kò bá bo ìrẹsì mọ́lẹ̀, wọ́n á ní ahun ni wá. Ẹ jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín àti ẹja gba ipò lọ́wọ́ ẹran. Ẹ bọ́ awọ adìyẹ kúrò. Ẹ̀yin bàbá wa tẹ́ ẹ ti lé ní ogójì ọdún, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹni tí dókítà bá fún lóògùn, kó má ṣe torí ẹ̀wà pa oògùn tì.

Kí a tó béèrè ẹni tó ṣe é, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú àwo wa.