Ayò Inú Kọ̀ǹpútà: Ta Ló Kọ Òfin Rẹ̀?



Nígbà tí ọmọ mi tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga sọ pé ayò ọlọ́pọ́n ni òun fẹ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ àṣekágbá, inú bí mi. Mo ní, "Owó ófátáìmù ni mo fi ń rán ọ níwèé, ayò lo wá ń ta!" Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, ẹ wá wò ó."

Mo jókòó tì í. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe láìronú ni ó ní láti kọ lẹ́sẹẹsẹ: ibi tí a ti ń kó ọmọ, apá tí a ń tà á sí, ìgbà tí a ń jẹ 2 tàbí 3. Ṣùgbọ́n ó gbàgbé òfin kan: bí ilé ẹnìkejì bá ṣófo, dandan ni kí a ta ọmọ fún un bí ààyè bá wà. Kọ̀ǹpútà fi ebi pa mí mọ́ ìdí ọpọ́n! Bí ó bá ṣe ènìyàn ni, àwọn òǹwòran ì bá ti kígbe lé e lórí. Ẹ̀rọ kò mọ ìtìjú. Ohun tí a kọ fún un nìkan ló mọ̀.

Kì í ṣe pé kò lágbára. Ní 2002, onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì ní ìlú Amsterdam, Romein àti Bal, fi ẹ̀rọ yẹ ipò 889,063,398,406 wò nínú Awari, ayò tó sún mọ́ tiwa. Wọ́n rí i pé bí ọ̀ta méjì kò bá ṣi ayò ta, ọ̀mì ni. Síbẹ̀, ènìyàn ló kọ òfin fún ẹ̀rọ náà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ẹ̀rọ tó ń yọ owó ẹni tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ kò mọ̀ pé òjò dí títì tàbí pé ọkọ̀ takú lọ́nà. Bí a bá fẹjọ́ sùn, wọn a ní, "Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀." Irọ́ ni! Ènìyàn ló kọ ọ́, ènìyàn sì lè tún un kọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ mi tún tirẹ̀ ṣe.

Mo dá a lábàá pé kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa máa béèrè òfin inú ẹ̀rọ ní kíkọ sílẹ̀, kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ẹ̀yin òbí, ẹ má lé ọmọ tó ń kọ ayò sínú kọ̀ǹpútà. Lọ́la, òun ni yóò bá wa wo ohun tí ọ̀gá gbé wá. Ẹni tí kò mọ òfin ayò, ọ̀pẹ ni. Ojú rẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa jẹ ẹ́.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa!