Ojú owó ló dè wá mọ́ ṣíà tó ti kú

Ẹni tó bá dé ọjà Mile 12 l'Ékòó nírọ̀lẹ́ yóò rí bí àwọn ìyá tó ń ta tòmátì ṣe ń ṣe. Apẹ̀rẹ̀ tí wọn ò fẹ́ dín kọ́bọ̀ níbẹ̀ láàárọ̀, tó bá fi máa di aago márùn-ún, wọ́n ti ń tà á ní gbàǹjo. Wọ́n mọ̀ pé kò pé ojú owó, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá rí gbà ni wọ́n máa fi ra ọjà ọ̀la.

Ẹ wá wo àwa tí a pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 ni bàbá mi ra ṣíà báńkì kan ní náírà méjìdínlógún. Ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí dòní. Tí mo bá ní kí wọ́n tà á, èsì kan náà ni: "Jẹ́ kó kọ́kọ́ padà sí iye tí mo rà á ná." Tòmátì máa ń jẹrà, ojú á rí i. Ìwé ṣíà kì í rùn.

Láti ọdún 1979 ni Daniel Kahneman àti Amos Tversky ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí: àdánù máa ń dun èèyàn tó nǹkan bí ìlọ́po méjì bí èrè iye kan náà ṣe ń dùn mọ́ ọn. Kahneman, tí kì í tilẹ̀ ṣe onímọ̀ ọrọ̀ ajé, gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2002. Nígbà tó di 1998, Terrance Odean gbé èsì ìwádìí lórí àkáǹtì 10,000 àwọn tó ń ra ṣíà l'Amẹ́ríkà jáde. Èyí tó ń mówó wọlé ni wọ́n ń yára tà, wọ́n wá di èyí tó ń wó mú. Láàárín ọdún kan sí i, èyí tí wọ́n tà fi ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún ju èyí tí wọ́n dì mú.

Àwọn kan á ní ṣebí ọjà ṣíà tiwa náà ti padà bọ̀ sípò. Òótọ́ ni. Òṣùwọ̀n ọjà náà lé ní 66,000 lóṣù kẹta 2008. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, ó ti já sí nǹkan bí 31,450. Ọdún 2023 ló tó tún kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko! Dọ́là tí a ń rà ní nǹkan bí náírà 118 nígbà náà ti lé ní 900 ní ìparí 2023. Ṣé ojú owó nìyẹn ṣì jẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé, ká ní owó lẹ ní lọ́wọ́ lónìí, ṣé ṣíà yẹn gan-an lẹ máa fi rà? Mo bi bàbá mi bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní rárá o, kí ni àwọn fẹ́ fi ṣe? Wọ́n sì ti àpótí pa.