Ẹjọ́ Nọ́ọ̀tì Kọ́

Railtrack, ilé iṣẹ́ tó ni ojú irin ní Britain tẹ́lẹ̀, ni mo pè lẹ́jọ́, pẹ̀lú Network Rail tó jogún rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bu owó ìtanràn lé Network Rail lẹ́ẹ̀mejì nítorí jàǹbá ọkọ̀ ojú irin méjì tí mo fẹ́ sọ yìí: mílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn ní 2011 nítorí Potters Bar, mílíọ̀nù 4 ní 2012 nítorí Grayrigg. Wọ́n ti sanwó. Lójú tèmi, ẹjọ́ kò tíì parí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí à ń jà lé lórí. Níbi tí ojú irin ti ya sí méjì, irin gígùn méjì tó tín-ín-rín lẹ́nu ló ń sún sọ́tùn-ún sósì láti darí ọkọ̀. Bí ọ̀kan bá lẹ̀ mọ́ irin ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èkejì gbọ́dọ̀ jìnnà sí tirẹ̀, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè ráyè kọjá. Àwọn ọ̀pá ìdè ló so méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa sún. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ló sì di ọ̀pá mọ́ irin. Bí ìdè yẹn bá tú, irin tó yẹ kó jìnnà á rọra sún padà, ọkọ̀ á sì bá ọ̀nà méjì pàdé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀sùn kìíní nìyẹn: ẹ fi ẹ̀mí èrò rọ̀ sórí nọ́ọ̀tì, ẹ kò sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 2002, ọkọ̀ tó gbéra ní King's Cross dé oríta irin Potters Bar. Kóòṣì mẹ́ta kọjá ní àlàáfíà. Oríta yẹn ṣí lábẹ́ ìkẹrin, ló bá já kúrò lójú irin, ó sì fi ìbú sùn lé ibùdókọ̀ lórí. Èèyàn méje kú. Ọ̀kan nínú wọn kò wọ ọkọ̀ rárá, ó ń kọjá lọ nísàlẹ̀ afárá ni. Nọ́ọ̀tì kò sí lẹ́nu àwọn ọ̀pá náà mọ́.

Ẹ̀sùn kejì kan Jarvis, agbaṣẹ́ṣe tó ń tọ́jú ibẹ̀. Jarvis ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀bàyéjẹ́ kan ló tú nọ́ọ̀tì náà. Wọ́n wá ọ̀bàyéjẹ́ náà títí, a kò rí ẹ̀rí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ti wọko gbèsè kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn olùpẹ̀jọ́ sì fagi lé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì 2007, ọkọ̀ tó ń ti Euston lọ sí Glasgow ń sá máìlì 95 ní wákàtí kan nígbà tó dé Grayrigg. Kóòṣì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló yẹ̀ kúrò lójú irin. Ìyá àgbà ẹni ọdún 84 kan kú. Ọ̀pá ìdè mẹ́ta ló wà ní oríta náà: méjì ti ṣẹ́, ẹ̀kẹta kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ kan ti gbà láti rin ibẹ̀ wò ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, kò sì dé ibẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn nàka sí. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ ọwọ́ wo ló ń pa èèyàn nítorí pé ẹnì kan kò wò ó lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Àwọn tó ṣèwádìí jàǹbá náà sọ ọ́ ní gbangba: Network Rail kò mọ bí agbára tó ń dé bá ọ̀pá ìdè náà ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn òkú méje!

Ẹ̀rí ìkẹyìn, ọwọ́ wọn ló ti wá. Lẹ́yìn Grayrigg ni Network Rail ṣe ọ̀pá tuntun, oníhò bí páìpù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rọ́pò ti àtijọ́. A jẹ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ló dí wọn lọ́wọ́ ní 2002?