Owó Tẹ́tẹ́ Kì Í Kéré Tó Bí Ojú Ṣe Rí I

Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Òwe yìí ló yẹ kí ọ̀dọ́ Yoko tó bá ń ta póókà, tẹ́tẹ́ oníkáàdì, lórí tẹlifóònù máa rántí. Ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀tatẹ́tẹ́ ni pé owó kékeré kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ìṣírò kò gbè wọ́n.

Ẹ wo tábìlì tí ènìyàn mẹ́sàn-án jókòó yí ká. Kí ẹnikẹ́ni tó wo káàdì ọwọ́ rẹ̀, àwọn méjì ti san owó ọ̀ranyàn: ọ̀kan fi fránkì 50 sílẹ̀, èkejì fi 100. Owó ilẹ̀ di 150. Àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ju káàdì wọn sílẹ̀. Ó wá kan ẹni tó wà ní ìjókòó àárín. Ó fẹ́ lé àwọn yòókù lọ kí wọ́n tó ṣí káàdì àárín tábìlì, ṣùgbọ́n kò fẹ́ náwó púpọ̀. Ó fi 200 lélẹ̀.

Ọgbọ́n díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹni tí káàdì rẹ̀ lágbára bá ko ó lójú tó sì sá, 200 ló sọnù, kì í ṣe 300. Bí ó bá fi 200 wá 150, tí lílé nìkan jẹ́ ìrètí rẹ̀, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ sá ní nǹkan bí ìgbà 57 nínú 100 kí ó má baà jẹ gbèsè. Bí ó bá fi 300 lélẹ̀, ó di 67.

Ṣùgbọ́n àwọn márùn-ún ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí olúkúlùkù bá ń sá ní ìgbà 9 nínú 10, gbogbo wọn yóò jọ sá ní ìgbà 59 péré nínú 100. Bí ó bá jẹ́ ìgbà 8 nínú 10, ó di 33. Ẹni tó ti san 100 tẹ́lẹ̀ kò tilẹ̀ nídìí tí yóò fi yára sá: 100 mìíràn ni yóò fi du owó ilẹ̀ tó ti di 350. Bí ó bá jẹ ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin, èrè ni. Owó tí wọ́n fi fẹ́ lé e ló wá pè é jókòó. Ká ní àwọn méjì péré ló kù lẹ́yìn ni, 59 ìbá di 81.

Nítorí náà, kì í ṣe bí owó ti pọ̀ tó nìkan là ń wò, bí kò ṣe iye ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀. Ọ̀tayò mọ èyí: kò ní kó ọmọ ayò láìka ibi tí èyí tó kẹ́yìn yóò bọ́ sí. Ẹni tó ń gbé epo lọ sọ́jà Sakété tàbí Pobè náà mọ̀ ọ́n.

Kí ló dé tí ìṣírò fi ń sá lọ nídìí tẹ́tẹ́? Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kọjá a-b-d, kó kọ́ àgbà àti ọ̀dọ́ ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ní èdè abínibí wọn. Àwọn kan lè ní ìyẹn yóò ti ọmọ sínú tẹ́tẹ́. Rárá o. Ẹni tó bá lè kà á pé 200 lọ́nà ogún jẹ́ 4.000 ni yóò mọ ìgbà tó yẹ kó ju káàdì sílẹ̀, àti ìgbà tó yẹ kó dìde nídìí tábìlì pátápátá.