Rọ́bọ́ọ̀tì Inú Páálí

Ẹni tí ó bá ti lọ ra àga tàbí ibùsùn rí ní ọjà Kugbo, lójú ọ̀nà tí ó ti Abuja lọ sí Keffi, yóò mọ òkìtì àgékù pákó tí ó máa ń wà lẹ́bàá ìsọ̀ àwọn káfíńtà. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi dáná. Àwọn òbí kan a fo òkìtì náà kọjá, wọn a forí lé ilé ìtajà ńlá nígboro, wọn a sì fi owó gọbọi ra rọ́bọ́ọ̀tì alátòpọ̀ fún ọmọ. Wọ́n ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ni àwọn rà. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn olùkọ́ mìíràn ń gbè wọ́n lẹ́yìn, wọ́n ń sọ pé ọmọ tí kò bá ní irú páálí bẹ́ẹ̀ yóò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kí ni ó wà nínú páálí ọ̀hún? Apá, ẹsẹ̀, orí, àti ìwé àwòrán tí ó ń sọ ibi tí a óò ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ̀. Ọmọ tẹ̀ lé àwòrán, rọ́bọ́ọ̀tì dìde, ó parí. Ó wá ku kí wọ́n ra òmíràn, nítorí pé ìṣeré àkójọ kì í tó ọmọdé. Ẹ wo Bionicle tí ilé iṣẹ́ LEGO gbé jáde ní 2001, àwọn jagunjagun tí ó jọ rọ́bọ́ọ̀tì, tí wọ́n ń dé ìbòjú oríṣiríṣi. Inú àpò tí a lẹ̀ pa ni wọ́n ti ta àwọn ìbòjú kan. Ọmọ kò lè mọ èyí tí ó kàn án títí yóò fi ya àpò náà. Bí ó bá ti ní irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí bàbá tún tọwọ́ bàpò. Ṣé ìmọ̀ ẹ̀rọ nìyẹn, àbí tẹ́tẹ́?

A kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ohun tí ó dára o. Mindstorms tí ilé iṣẹ́ kan náà tà láti 1998 títí di 2022 ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú. Ọmọ lè pàṣẹ fún un, kí àṣẹ náà kùnà, kí ó sì tún un ṣe. Ìyẹn ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n inú àṣìṣe àti àtúnṣe ni ẹ̀kọ́ náà wà, kò sí nínú ike. Ọmọ tí ó fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀, tí ó gé sálúbàtà tí ó ti já ṣe táyà, tí táyà kọ̀ tí kò yí, tí ó wá rí i pé ihò tí òun lu kò bọ́ sí àárín, ọmọ náà ti ṣe ohun tí onípáálí kò ṣe. Kò sí àwòrán tí ó wò.

Ẹ jẹ́ kí a tilẹ̀ bi LEGO fúnra rẹ̀ níbi tí ó ti wá. Káfíńtà ni ó dá a sílẹ̀. Ole Kirk Christiansen ń kọ́lé, ó sì ń kan àga ní Billund ní orílẹ̀-èdè Denmark. Nígbà tí ọ̀dá owó dá gbogbo ayé, tí iṣẹ́ kò wọlé mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pákó ṣe ìṣeré ọmọdé ní 1932; pẹ́pẹ́yẹ onígi tí ọmọdé ń fà kiri wà lára wọn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ike tó dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Bí pákó Billund bá lè di ohun tí gbogbo ayé ń tọrọ, kí ni ó ṣe pákó Kugbo? Àwọn baba wa kò ha gbẹ́ ọmọlangidi fún àwọn ọmọbìnrin láti pọ̀n sẹ́yìn?

Orílẹ̀-èdè yìí ti gbẹ́kẹ̀ lé páálí rí. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìjọba kó ẹ̀rọ wọlé láti òkè òkun fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, inú àpótí ni ẹ̀rọ náà wà títí ó fi dógùn-ún, nítorí pé kò sí iná, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tí ó bá ní rọ́bọ́ọ̀tì àtòkèèrè ni yóò la ọmọ wa lójú, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn àpótí wọ̀nyẹn léèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ nítòsí Abuja lè yà ní Kugbo, kí ó tọrọ àgékù pákó ẹ̀kún àpò kan, kí ó ra ìṣó kéékèèké àti gúlúù, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe rọ́bọ́ọ̀tì tí apá rẹ̀ lè gbé pẹ́ńsù nílẹ̀. Kí ó má ya àwòrán kankan sí ojú pátákó.