Ìkórè ní Ìlú Tí Kò Ní Oko

Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ìjọ Ìkẹjà àti Agége a máa ṣe ìdúpẹ́ ìkórè. Oko dà? Agége ti ní oko rí. J. K. Coker, ọ̀kan lára àwọn tó dá ìjọ African Church sílẹ̀ ní 1901, gbin kòkó sí Ìfàkò; àwọn lébìrà rẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ kòkó. Dunlop dẹ́kun ṣíṣe táyà ní Ìkẹjà ní 2008. Ilé ẹrù tó ṣófo ládùúgbò ti ń di ilé àdúrà. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà ń gba àpòòwé ìkórè. Kíláàsì iṣẹ́ ọwọ́ ni ìbá ṣáájú àpòòwé. Kí ni onítọ̀hún gbìn tí yóò ká?